Ẹ Má Gba Gbèsè Ilé Rù Lẹ́yìn Báǹkì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìròyìn tí ẹ ń kó jọ fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tí arákùnrin kan kọ láti Houston lórí bó ṣe ra ilé, tó sì gba gbèsè tó wà lórí ilé náà rù lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un, ìyẹn ni pé òun ló ń bá sísan gbèsè náà lọ lórí èlé àtijọ́ rẹ̀. Kí n tó ra ìwé ìròyìn náà fúnra mi ni wọ́n ti ya fọ́tò ojú ewé yẹn sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa ní Adó-Èkìtì níbí, tí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ sì ti ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀nà àbáyọ dé. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òkè-Ìlá. Ìṣirò ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ kan òrùlé, ẹni tó fẹ́ ra ilé tí wọ́n ti kọ́ parí, iwájú tábìlì mi ni gbogbo wọn ń jókòó sí nítorí ọwọ́ mi ni fọ́ọ̀mù owó yíyá wà.

Arákùnrin Houston kò purọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọkùnrin tí àbúrò mi obìnrin bí, tó ń gbé ní Maryland, ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ ibi tó fò nínú àlàyé rẹ̀ ni ibi tí àwọn èèyàn wa níbí ń kó sí jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo gbèsè ilé ni ẹlòmíràn lè gbà rù. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ilé bá ti yí ọwọ́ padà, gbogbo gbèsè tó kù di sísan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn tó jáde ní 1982 sì fún wọn lágbára láti mú un ṣẹ. Èyí tó ṣe é gbà rù ni èyí tí ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀: FHA, tí àwọn tí owó ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò pọ̀ máa ń lò, VA, tó wà fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, àti USDA, tó wà fún àwọn ará ìgbèríko. Nígbà tí èlé kéré, ta ló ka ọ̀rọ̀ yìí sí? Ní 2020 àti 2021, ènìyàn lè yá owó ilé ọlọ́gbọ̀n ọdún ní 3%, àwọn kan tiẹ̀ rí i gbà ní ohun tó dín sí i. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2023, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ 8%. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtùpà wá ilé tí gbèsè 2021 wà lórí rẹ̀ kiri.

Ẹni tó ta ilé fún ọmọ àbúrò mi yá dọ́là 265,000 ní 2021, FHA, lórí èlé 3%. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, gbèsè tó kù jẹ́ nǹkan bíi 242,000. Ojú owó àti èlé tí wọ́n ń san lóṣù jẹ́ dọ́là 1,117, láìka owó orí ilé àti ìbánigbófò mọ́ ọn. Mo gbé kakulétọ̀ mi (àwọn ọmọ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé foonu mi lè ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́). Bí ó bá jẹ́ pé ó lọ yá 242,000 kan náà lọ́tun ní 7% fún ọgbọ̀n ọdún, dọ́là 1,610 ni yóò máa san lóṣù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là tó ń dúró sápò rẹ̀ lóṣooṣù, gbèsè tirẹ̀ sì tún ti jẹ ọdún mẹ́rin kúrò nínú ọgbọ̀n. Owó gidi ni. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n 315,000 ni wọ́n ta ilé náà. Báǹkì kò fún ọmọ àbúrò mi ní kọ́bọ̀ lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín 315,000 àti 242,000. Dọ́là 73,000 náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wá a: owó tí wọ́n ti ń tọ́jú, àjọ tí wọ́n ń dá pẹ̀lú àwọn ará ilé wa níbẹ̀, àti ọkọ̀ kejì tí wọ́n tà. Arákùnrin Houston kò dárúkọ iye tí òun fi kún un. Ó kàn ní òun ra ilé ní "èlé àtijọ́". Ẹni tó bá ka lẹ́tà rẹ̀ yóò rò pé ńṣe ni wọ́n kan fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Èyí tó tún fò, òun gan-an ló mú mi kọ̀wé. Gbogbo ohun tí ọmọ àbúrò mi ṣe, ojú báǹkì ló ti ṣe é. Láti ìparí 1989 ni FHA ti fi í lélẹ̀ pé báǹkì gbọ́dọ̀ yẹ ẹni tó fẹ́ gba gbèsè rù wò bí ẹni pé òun ló ń yáwó láti ìbẹ̀rẹ̀: owó oṣù rẹ̀, gbèsè mìíràn tó wà lọ́rùn rẹ̀, bó ṣe ti ń san gbèsè látẹ̀yìnwá. Oṣù bí i mélòó kan ni wọ́n fi ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi ń pè mí lóru láti ráhùn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni báǹkì tó kọ ìwé pé ẹni tó tà á ti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè náà. Ó fi ìwé náà hàn mí lórí fídíò. Nọ́ńbà gbèsè kò yí padà. Orúkọ ló yí. Mo ní kó sún un mọ́ ojú kámẹ́rà kí n kà á dáadáa, mo sì kà á. Bí kò bá sí ìwé yẹn, ẹni tó ta ilé ni wọn ìbá ṣì máa wá bí ọmọ wa kò bá san. Ti àwọn ológun tún ní ti tirẹ̀: bí ológun bá jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ológun gba gbèsè VA rẹ̀ rù, ẹ̀tọ́ tó fi yáwó náà á wà lára ilé yẹn títí gbèsè á fi tán, ó sì lè dí i lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ ra òmíràn.

Ní ilé ńkọ́?

Owó ilé tó rọrùn jù tí òṣìṣẹ́ lè rí ní Nàìjíríà ni ti National Housing Fund (NHF), àpò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dá owó sí kí wọ́n lè rí owó ilé yá, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1992 tó sì wà lábẹ́ Federal Mortgage Bank. 2.5% ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù. Ẹni tó bá ń dá a lè gba owó ilé lórí èlé 6%, ó sì lè fi tó ọgbọ̀n ọdún san án bí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá ṣì jìnnà. Mílíọ̀nù 15 náírà ni òpin iye tí wọ́n ń yá ènìyàn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sún un dé mílíọ̀nù 50. Àwọn kan wà tó ń rí NHF nínú ìwé owó oṣù wọn láti ọdún gbọọrọ tí wọn kò béèrè ohun tó jẹ́ rí. Ẹ wá gbé 6% yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlé àwọn báǹkì olókòwò. Ní oṣù Kọkànlá 2024, báǹkì àgbà ìjọba gbé èlé ìpìlẹ̀ dé 27.5%, àwọn báǹkì yòókù á sì tún bu tiwọn lé e. Ìdí nìyí tí ilé tó ní gbèsè 6% lórí fi di ọjà.

Tọkọtaya kan nínú ẹgbẹ́ wa rí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọkọ jẹ́ olùkọ́ girama, ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, nínú ẹ́sítéètì kan lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ó ní kànga ẹ̀rọ, fẹ́ǹsì sì yí i ká. Ìyàwó ti fi ẹsẹ̀ wọn ẹ̀yìn ilé ìdáná kó lè mọ ibi tí odó rẹ̀ máa wà tí kò fi ní máa gún iyán sójú fèrèsé aládùúgbò. Ẹni tó fẹ́ tà á, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti yá mílíọ̀nù 10 ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èlé 6%, ogún ọdún. 71,643 náírà ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: gbèsè tó kù yóò máa lọ sí mílíọ̀nù 8.83. Mílíọ̀nù 21 ló fẹ́ gbà lórí ilé, ó ń lọ sí Kánádà, ó sì ń kánjú.

Ẹ wo ìṣirò náà bó ṣe dùn tó. Bí ènìyàn bá yá mílíọ̀nù 8.83 ní báǹkì olókòwò lórí 30%, èlé nìkan, láìtíì fọwọ́ kan ojú owó, yóò lé ní 220,000 lóṣù. 71,643 ni àwọn yóò máa san, ojú owó àti èlé pa pọ̀. Ìyókù mílíọ̀nù 12 àti díẹ̀, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n máa rí i. Bàbá ìyàwó ní oko kòkó ní Ẹmùré, kòkó sì ti gbówó lórí ní 2024 lọ́nà tí àwọn àgbà fi ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn lójú ọ̀nà oko. Ọkọ ní pulọ́ọ̀tì kan lójú ọ̀nà Ìyìn tó fẹ́ tà. Èyí tó kù ni wọ́n wá gbà lọ́dọ̀ wa, nítorí ẹgbẹ́ wa máa ń yá ènìyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó bá ti tọ́jú.

Ni mo bá ní kí wọ́n fún mi ní ìwé àdéhùn wọn kí n wò ó.

Ojú ewé méjì ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ìjìgbò. Sítáàmpù wà lẹ́bàá ìsàlẹ̀, àyè ìfọwọ́sí ẹlẹ́rìí sì ṣófo. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùrà yóò máa fi 71,643 ránṣẹ́ sí àkáǹtì olùtà kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù tó pé. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùrà kò gbọdọ̀ dé báǹkì tó yá olùtà lówó "fún ìdí kankan." Mo ka gbólóhùn yẹn sókè fún wọn. Mo tún un kà.

Ọkọ ní, "Mọ̀mí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo ní, "Orúkọ ta ló wà lọ́dọ̀ báǹkì?"

Ó ní ti ẹni tó ń tà á ni.

"Ìwé ilé ńkọ́?"

Báǹkì ló tì í mọ́lẹ̀ títí gbèsè á fi tán.

"Bó bá dé Kánádà tí owó oṣù tí wọ́n ń yọ ọ́ lára rẹ̀ bá dúró?"

Ó ní àbúrò olùtà ti ṣèlérí pé òun á máa lọ san án ní káńtà. Ìyàwó dá a dúró níbẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa fọwọ́ sí i, ẹlòmíràn ti mú owó wá." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo mọ̀ pé odó yẹn ló ń rò.

Mi ò fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí olùtà bá wọn dé báǹkì, kí wọ́n jọ béèrè bóyá báǹkì yóò gba àwọn dípò rẹ̀. Wọ́n lọ. Èsì tí wọ́n gbà ni pé kò sí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀: kí ẹni tó jẹ gbèsè kọ́kọ́ san gbogbo gbèsè rẹ̀ tán, kí àwọn tó fẹ́ rà wá kọ̀wé tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tò sẹ́yìn àwọn tó ti wà lórí ìlà. Olùtà kò ní mílíọ̀nù 8.83 nílẹ̀. Olùrà kò lè kó o fún un kí ìwé ilé tó dé ọwọ́ wọn. Bọ́rọ̀ ṣe kú sójú kan nìyẹn. Ọkọ bínú sí mi, ó ní bí mo bá ti fọwọ́ sí i ní wẹ́rẹ́, wọn ì bá ti kó wọlé. Òótọ́ ni, wọn ì bá ti kó wọlé.

Ẹlòmíràn ti kó wọlé báyìí lọ́nà ẹ̀yìn. Kí Ọlọ́run bá a ṣe é.

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ ohun tí ẹni yẹn rà. Lójú òfin, ilé kọ́. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sọ ọ́ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ fi í yáwó, láìgba ìwé àṣẹ gómìnà. Ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan láàárín Savannah Bank àti ẹni tó fi ilé yáwó lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó yáwó gan-an ló lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé ìdógò tí òun fi ilé òun ṣe kò múlẹ̀ nítorí pé kò sí àṣẹ gómìnà, ilé ẹjọ́ sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbówó lọ, ó tún gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ìdógò. Mo ti máa ń sọ ìtàn yẹn nínú ìpàdé wa, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ rò ó wò: bí báǹkì tó ní lọ́yà rẹpẹtẹ bá lè pàdánù nítorí ìwé àṣẹ, kí ni olùkọ́ girama máa fi ojú ewé méjì láti Ìjìgbò ṣe? Ọjọ́ tí gbèsè bá tán, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni báǹkì máa pè láti wá gba ìwé ilé. Bí ẹni náà bá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ tó dàgbà sí Kánádà, tí kò mọ olùrà rí, tí wọ́n kàn rí i nínú ìwé pé bàbá wọn ní ilé ní Adó.

Ọ̀rọ̀ kí ẹnì kan gba gbèsè ẹlòmíràn rù kò ṣàjèjì sí wa o. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, fífi oko kòkó dógò kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bí ẹni tó fi oko rẹ̀ yáwó kò bá lè san án, tí ìbátan tàbí aládùúgbò bá fẹ́ gba gbèsè náà kó lè máa ká oko, ilé ẹni tó yáni lówó ni gbogbo wọn máa ń lọ lálẹ́. Ẹni tó jẹ gbèsè á wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbà á á wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí á wà ní ìhà méjèèjì, wọ́n á pa obì. Ẹni tó ni owó á sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé láti òní lọ, lágbájá ni mo mọ̀, mi ò mọ tàmẹ̀dù mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa lọ wo ààlà oko. Kò sí ẹni tó gbọ́n jù tó máa gba oko onídògò lẹ́yìn ẹni tó ni owó, nítorí gbogbo ìlú mọ ibi tó máa já sí. Ohun tí báǹkì Maryland ṣe fún ọmọ àbúrò mi gan-an nìyẹn, tiwọn kò kàn ní obì.

Nítorí náà, mi ò bá àwọn tó ní ká kọ̀ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Ohun tó dára ni. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń darí owó ilé yìí, àti lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa l'Abuja tó lè tún òfin 1992 ṣe, ni kí wọ́n ṣí ọ̀nà iwájú kí àwọn ènìyàn yé gba ẹ̀yìn. Kí ẹni tó bá ń dá owó NHF, tí owó oṣù rẹ̀ sì lè gbé e, lè gba ìyókù gbèsè ẹlòmíràn rù lórí èlé kan náà àti iye ọdún tó kù. Kí báǹkì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùtà ti bọ́. Báǹkì kò pàdánù nǹkan kan níbẹ̀: ilé náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé ló sì rọ́pò ẹni tó ń lọ sí òkè òkun. Èwo ló dára fún wọn nínú méjèèjì? Ọ̀rọ̀ àṣẹ gómìnà náà, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ìyẹn wà. Bí ìjọba Èkìtì bá lè fi iye owó kan pàtó àti ọjọ́ kan pàtó sí i fún ilé tí òṣìṣẹ́ ń tà fún òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kó má jẹ́ pé ènìyàn á máa lọ á máa bọ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò ní sá lọ sí Ìjìgbò.

Ọ̀rọ̀ ikú tún wà níbẹ̀ tí mi ò lè fò. Òfin Amẹ́ríkà ti 1982 tó fún báǹkì lágbára yẹn náà ló tún dè wọ́n lọ́wọ́ níbì kan: bí ẹni tó yáwó bá kú tí ilé sì bọ́ sọ́wọ́ ìbátan rẹ̀, tàbí tó bá fi ilé sọ́wọ́ ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ, báǹkì kò lè tìtorí ìyẹn sọ pé kí wọ́n san gbogbo gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kàn máa san án lọ bí ó ṣe wà. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ọkọ rẹ̀ kú sórí gbèsè ilé. Orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé. Kí ogójì ọjọ́ tó pé ni àwọn ẹbí ọkọ ti wá wo ilé, lẹ́tà báǹkì sì ń wọlé ní orúkọ òkú, kò sí ẹni tó sọ fún un bóyá òun lè máa san án lọ. Ó ń san án ṣá, láti inú owó aṣọ tó ń tà ní Ọjà Ọba, ó ń kó rìsíìtì jọ sínú ike bisikíìtì. Rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọkọ ló wà lórí rẹ̀. Mo ti bá a wá lọ́yà, ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tọkọtaya tó ń lọ gba owó ilé lónìí, ẹ jọ̀wọ́, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìbánigbófò tó máa san gbèsè bí ọ̀kan nínú yín bá lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú tàbí ọ̀rọ̀ pé "ṣé o fẹ́ kí n kú ni" dí yín lọ́wọ́.

Ohun kan ṣì kù tí mo rí tó ń bí mi nínú. Àwọn tó ń ta ilé ti gbọ́ pé gbèsè 6% níye lórí, wọ́n sì ti ń fi owó lé e. Ẹni ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ yẹn sọ fún tọkọtaya wa láìtijú pé mílíọ̀nù 19 ni ilé òun ì bá jẹ́, mílíọ̀nù 2 tó kù jẹ́ nítorí "owó tó wà lórí rẹ̀ rọrùn." Ó ń ta gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀ láti tà! Kí ẹni tó bá sì rí gbèsè àtijọ́ má ṣe yọ̀ jù. Ẹni tó yá mílíọ̀nù 5 ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn lórí 6% fún ogún ọdún, ohun tó kù lọ́rùn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 3.5. Bí ilé náà bá ti di mílíọ̀nù 22, mílíọ̀nù 18.5 ni ẹ máa wá lówó ọwọ́, gbèsè olówó pọ́ọ́kú yẹn kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́fà owó ilé lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 6% fa ojú yín mọ́ra. Bí ìṣirò bá ni yín lára, ẹ wá sí Òkè-Ìlá, ọ̀fẹ́ ni.

Tọkọtaya wa ti kọ̀wé tiwọn fún owó NHF ní orúkọ àwọn méjèèjì. Ọkọ ti ń kí mi padà.

Bí arákùnrin Houston bá ka lẹ́tà yìí, mo bẹ̀ ẹ́ kó tún kọ̀wé sí yín. Kó sọ iye owó tó fi kún gbèsè tó gbà rù kí ilé tó di tirẹ̀, oríṣi gbèsè tó jẹ́, bóyá FHA tàbí VA, iye oṣù tí báǹkì fi dá a lóhùn, àti bóyá ẹni tó ta ilé fún un gba ìwé ìtúsílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ń béèrè lọ́wọ́ mi, wọ́n sì rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́ fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Akápò,
Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.